Bí A Ṣe Wá Àyè fún Ọkọ̀ Lẹ́yìnkùlé Màmá

Okùn méjì ni ọkọ mi fi ránṣẹ́ sí mi láti Àbíjáàn, ọ̀kan gùn, ọ̀kan kúrú. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń ti ibẹ̀ bọ̀ wá sí Èjìgbò ló kó wọn fún mi, ó sì jíṣẹ́ náà bí wọ́n ṣe rán an gan-an. Okùn gígùn ni gígùn ọkọ̀ pikọ́ọ̀pù tí ọkọ mi rà, láti imú dé ìdí. Okùn kúkúrú ni ìbú rẹ̀. Kí n wò ó bóyá ẹ̀yìnkùlé wa yóò gbà á, kí àyè sì tún ṣẹ́kù tí mẹkáníìkì lè dúró sí ṣiṣẹ́. Bí ó bá gbà á, òun yóò kó gbogbo irinṣẹ́ òun bọ̀ wálé. Bí kò bá gbà á, òun yóò kàn wá kí wa ni, òun yóò sì padà sọ́dọ̀ ọ̀gá òun.

"Ṣé ó yé yín?" ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ bi mí.

"Ó yé mi, ẹ ṣeun," ni mo wí.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí Nàìjíríà gba òmìnira ni. Ọmọ méjì la ti bí nígbà náà. Àkọ́bí wa, obìnrin, ti wọ iléèwé. Ó mọ bàbá rẹ̀ bí ọmọdé ṣe ń mọ àlejò tó máa ń kó bísíkíìtì wá ní Kérésìmesì. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìrìn rìn ni, kò tilẹ̀ mọ bàbá rẹ̀ rárá.

Ẹnìkan lè bi mí pé kí ló dé tí ọkọ mi kò fi gba àyè lẹ́bàá títì bí àwọn mẹkáníìkì yòókù. Ó ti gbà á rí, kí a tó bímọ. Àwọn olè já àgádágodo ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, wọ́n kó gbogbo irinṣẹ́ lọ, wọn kò ṣẹ́ sípánà kan kù. Ohun tó gbé e lọ sí Àbíjáàn nìyẹn. Láti ìgbà náà ló ti sọ pé irinṣẹ́ òun kò tún ní í sùn níbi tí òun kò bá sùn. Nítorí náà, bí kì í bá ṣe ẹ̀yìnkùlé wa, a jẹ́ pé ẹ̀yìn odi ni.

N kò jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà ṣú kí n tó bẹ̀rẹ̀. Mo pọn àbúrò, mo mú tépù tí mo fi ń ránṣọ, mo ní kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ di orí tépù náà mú.

"Tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa. Má mira."

"Mi ò mira, Màmi. Kòkòrò ló ń rìn lẹ́sẹ̀ mi."

"Jẹ́ kó rìn. A ó lé e tó bá yá."

Ẹ̀yìnkùlé wa kò tóbi. Ọ̀nà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé tó ti ojú pópó wọ ibẹ̀, ọkọ̀ kan lè gbà á kọjá. Bí o bá gba ọ̀nà náà wọlé, ilé ìdáná ìyá ọkọ mi ni yóò wà lọ́wọ́ òsì rẹ, ilé alámọ̀ kékeré tí fèrèsé kan wà lára rẹ̀ tí èéfín ń gbà jáde. Lọ́wọ́ ọ̀tún, ní ìkangun kejì, kànga wà níbẹ̀, balùwẹ̀ sì wà lẹ́yìn rẹ̀, pẹ̀lú igi gúáfà kan ní igun. Ilẹ̀ tó ṣẹ́kù láàárín wọn ni gbogbo ìrètí mi.

Tépù ìránṣọ kò gùn, nítorí náà, mò ń fi òkúta sí ibi tó bá parí sí, mo sì ń tún un nà láti ibẹ̀. Ní iléèwé sẹ́kọ́ńdìrì tí mo lọ, olùkọ́ tó kọ́ wa níṣẹ́ abẹ́rẹ́ a máa tú aṣọ ẹni tó bá fi ìdajì íńṣì ṣìnà, kò sì sí ohun tí mo kọ́ níbẹ̀ tó wọ̀ mí lára tó ìyẹn. Mo wọn ilẹ̀ náà lẹ́ẹ̀kan, mo tún un wọ̀n. Lẹ́yìn náà ni mo wá na okùn méjèèjì lé e lórí. Èyí gígùn wọlé. Èyí kúkúrú náà wọlé, bí mo bá sì jẹ́ kí ọkọ̀ náà fara ti ògiri ilé ìdáná, ẹsẹ̀ bàtà méje ń bẹ lọ́wọ́ ọ̀tún tí ènìyàn lè dúró sí.

Mo pariwo. Àwọn adìyẹ fò sórí kànga. Ìyá ọkọ mi yọjú láti ilé ìdáná, ọmọrogùn lọ́wọ́.

"Kí ló ta ọ́?"

"Kò sí nǹkan tó ta mí, Màmá. Ó gbà á!"

"Kí ló gba kí ni?"

Mo ṣàlàyé. Wọ́n wo okùn, wọ́n wo ilẹ̀, wọ́n wo tépù tó wà lára ògiri wọn.

"Ilé ìdáná mi lò ń wọ̀n yẹn?"

"Rárá o, Màmá. Ara ògiri rẹ̀ lóde ni mo dúró sí."

"Kí tépù rẹ dúró síbẹ̀ náà o. Kó má ṣe rìn wọlé wá bá mi."

Mo mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ààrò inú ilé ìdáná yẹn, ìyá ọkọ tiwọn ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ ọ́n fún wọn lọ́dún tí wọ́n wọlé ọkọ. Bó ṣe rí ní ìdílé wa nìyẹn: ìyá ọkọ níí mọ ààrò fún ìyàwó. Wọn kò tíì mọ tèmi. Àwa méjèèjì là ń dáná lórí tiwọn, wọ́n sì máa ń sọ pé àwọn kò mọ ibi tí àwọn yóò gbé òmíràn sí nínú ẹ̀yìnkùlé tó há báyìí.

Láti ọjọ́ náà, oorun mi dín kù, ṣùgbọ́n ayọ̀ ló dín in kù. Mo bu eérú lọ́dọ̀ Màmá, mo fi fa ìlà ọkọ̀ náà sílẹ̀ bó ṣe tóbi gan-an, gígùn rẹ̀ àti ìbú rẹ̀. Mo fa ìlà tábìlì tí yóò máa to irinṣẹ́ sí. Mo fa ìlà ọgbà kékeré kan láàárín ṣọ́ọ̀bù àti kànga, kí àwọn ọmọ má baà lè kọjá. Bí àwọn adìyẹ bá ti tú eérú ká, èmi a tún un fà. Àkọ́bí mi a jókòó sínú ọkọ̀ eérú yìí tó bá ti iléèwé dé, a máa yí ọwọ́, a máa fọn fèrè lẹ́nu, a máa gbé àbúrò rẹ̀ lọ sí Òṣogbo. Bí mo bá rí wọn níbẹ̀, inú mi a dùn, àyà mi a sì já.

Ohun tó ń já àyà mi ni bẹntiróòlù. Lágbo ilé tó tẹ̀ lé tiwa, ọmọdé kan ti mu kẹrosíìnì rí nínú ìgò tí wọ́n fi ń ra epo. Ọlọ́run ló yọ ọmọ náà. Ọjọ́ yẹn ni mo kó gbogbo ìgò ilé wa sókè àjà. Bẹntiróòlù wá burú ju kẹrosíìnì lọ, nítorí ó ń wá iná kiri ni. Iná Màmá sì wà níbẹ̀ láti àárọ̀ títí di alẹ́, lẹ́yìn fèrèsé kékeré yẹn.

Ní Èjìgbò, ọ̀sẹ̀ kan kì í kọjá kí ẹnìkan má lọ sí Àbíjáàn. Mo rán ẹni tó ń lọ sí ọkọ mi pé ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù tí mo ní: ìhà ibo ni ẹnu táńkì bẹntiróòlù wà lára ọkọ̀ náà? Ẹlòmíràn ló mú èsì bọ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ni, lápá ẹ̀yìn.

Ọkàn mi balẹ̀. Bí ọkọ̀ náà bá fi imú wọlé, òsì rẹ̀ ni yóò kọjú sí ilé ìdáná, ẹnu táńkì yóò sì wà ní òdì kejì, jìnnà sí iná. Dẹ́rẹ́bà náà yóò sọ̀kalẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, níbi tí mo fi ẹsẹ̀ bàtà méje sílẹ̀ sí. Gbogbo rẹ̀ ló ṣe rẹ́gí. Mo ránṣẹ́ sí ọkọ mi pé ó gbà á, kó máa bọ̀, mo sì lọ pe káfíńtà.

Káfíńtà náà jẹ́ ọmọ àbúrò bàbá ọkọ mi, nítorí náà ọkọ ni mò ń pè é bí gbogbo ìyàwó ilé ṣe ń pe àwọn ọmọ ilé. Ó kó òpó wá láti Ifẹ̀-Ọ̀dàn. Ó dúró lórí ìlà eérú mi, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Ìyàwó wa, ilé ọkọ̀ lo ní kí n kọ́ yìí, àbí àkọ̀ ọ̀bẹ?"

"Ọkọ mi, ẹ ṣáà ri òpó yín síbi tí eérú wà."

"Bí ọkọ̀ náà bá wá jẹun yó lọ́nà ńkọ́?"

"Ebi ni yóò pa á débí. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín, ó gbẹ́ ilẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ní kó má tíì kan páánù. Kí ọkọ̀ wọlé ná, kí a fojú rí i, kí a tó fi orí lé e.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan la gbọ́ fèrè ọkọ̀ lójú pópó. Àwọn ọmọ àdúgbò ti ń sáré tẹ̀ lé e, eruku bo gbogbo ọ̀nà. Mo ti gbé àbúrò pọ̀n, mo di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mú, mo ní kí Màmá àti káfíńtà dúró lẹ́yìn kànga. Ọkọ̀ náà, aláwọ̀ ewé tó ti ṣá, rọra gba ẹ̀gbẹ́ ilé wọlé. Imú rẹ̀ gba àárín òpó méjèèjì. Àyà rẹ̀ gbà á. Ìdí rẹ̀ gbà á. Mo ń wo àlàfo tó wà láàárín rẹ̀ àti ògiri ilé ìdáná: ó rí bí mo ṣe ní kó rí gan-an. Àtẹ́wọ́ sọ. Káfíńtà fò sókè. Ọkọ̀ náà dákẹ́.

Lẹ́yìn náà la gbọ́ "gbì."

Ilẹ̀kùn ọkọ̀ ni, ó kọlu ògiri ilé ìdáná. Ó tún dún, "gbì." Kò sí ẹni tó sọ̀kalẹ̀. Màmá ló kọ́kọ́ fi ọwọ́ nu eruku kúrò lójú, tí wọ́n sì tẹ̀ síwájú.

"Ọmọ mi, ṣé ìwọ nìyẹn?"

"Èmi ni, Màmá. Ẹ kú ilé o."

"Kí lo ń ṣe níhà ọ̀hún? Ta ló ń wa ọkọ̀?"

"Èmi ni mo wà á, Màmá."

"Láti orí ìjókòó èrò?"

Ìgbà náà ni ojú mi là. Nígbà yẹn, ọwọ́ òsì títì ni ọkọ̀ ń gbà ní Nàìjíríà, ọwọ́ ọ̀tún sì ni dẹ́rẹ́bà ń jókòó sí. Gbogbo ọkọ̀ tí mo ti wọ̀ rí láyé mi ló rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ àwọn Faransé, ọ̀tún títì ni wọ́n ń gbà, òsì ni sítíárìn wọn wà. Ọkọ mi ti pẹ́ níbẹ̀ tó fi jẹ́ pé kò rí i bí ohun tó yẹ kó sọ. Èmi náà kò béèrè. Okùn kò sì lè sọ fún ènìyàn èwo ni ọ̀tún, èwo ni òsì. Ẹnu táńkì ni mo béèrè, torí iná ni mò ń bẹ̀rù. N kò bẹ̀rù sítíárìn.

Ilẹ̀kùn ọwọ́ ọ̀tún kò ṣeé ṣí, ó ti fi wáyà dì í láti ojú ọ̀nà. Bàbá àwọn ọmọ mi wá gba ojú fèrèsé ọkọ̀ jáde, ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ yọ. Àbúrò tó wà lẹ́yìn mi rí ẹsẹ̀ méjì tó ń ti inú ọkọ̀ jáde láìní orí, ó figbe ta. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa, ọkọ mi gan-an ń rẹ́rìn-ín bó ṣe di ẹ̀gbọ́n mọ́ra, ṣùgbọ́n mo rí i pé ojú rẹ̀ ti ń wọn ilẹ̀ náà.

Ó gbé àpò ìrìnàjò rẹ̀ kọ́ sórí ìṣó lẹ́nu ọ̀nà ilé. Kò tú u.

Lẹ́yìn tó jẹun tán, ó gbé ọkọ̀ náà jáde, ó fi ẹ̀yìn rìn wọlé. Báyìí, òsì rẹ̀ wá wà níhà àyè gbalasa. Ilẹ̀kùn ṣí gbayawu.

"Vwalà!" ló fi èdè Faransé wí. "Ìyá àwọn ọmọ, ó ti bọ́ sí i!"

Ọ̀tún ọkọ̀ ló kọjú sí ilé ìdáná báyìí, ẹnu táńkì sì dúró sí iwájú fèrèsé Màmá gẹ́lẹ́. Èéfín ọ̀sán ń jáde níbẹ̀, ó ń fẹ́ lé e lórí.

"Kò bọ́ sí i," ni mo wí. "Ẹ wo ibi tí ẹnu táńkì wà."

"A ó máa ṣọ́ra."

"Bàbá àwọn ọmọ, gbogbo ilé tó ti jóná rí ló ní ẹni tó ń ṣọ́ra nínú wọn."

Ó wo èéfín náà pẹ́. Ó tún gbé ọkọ̀ padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ó wò ó bóyá òun lè máa gba ojú fèrèsé. Kò ṣeé ṣe. Ẹni tó ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe gbọ́dọ̀ máa wọlé, kó máa jáde, kó ṣíná ọkọ̀, kó sọ̀kalẹ̀ kó lọ tẹ́tí. Bí ó bá fi imú wọlé, ilẹ̀kùn kò ṣí. Bí ó bá fi ẹ̀yìn wọlé, iná ń dúró dè wá. Bí a bá sún ọkọ̀ kúrò lára ògiri, kò sí àyè tábìlì mọ́, kànga sì ti dé.

"Kò sí ẹni tó jẹ̀bi," ló wí jẹ́jẹ́. "Ilẹ̀ ló kéré. Pátírọ́ọ̀nù mi ṣì fi àyè mi sílẹ̀ dè mí." Bí ó ṣe máa ń pe ọ̀gá rẹ̀ nìyẹn, bí àwọn ará ibẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí a tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo jókòó sórí ìdérí kànga, mò ń wo ìlà eérú mi. Ọ̀nà àbáyọ wà. Mo mọ̀ ọ́n, ọkọ mi náà mọ̀ ọ́n, kò sí èyí tó fẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ nínú àwa méjèèjì. Màmá jáde wá, wọ́n dúró tì mí.

"Ìyàwó, bí kì í bá ṣe ti ilé ìdáná mi, ṣé ọkọ̀ yẹn ì bá gba ibí?"

"Màmá, ẹ má bi mí."

"Mo ti bi ọ́ ná."

"Ì bá gbà á, Màmá."

"Pẹ̀lú ilẹ̀kùn ní ṣíṣí?"

"Pẹ̀lú ilẹ̀kùn ní ṣíṣí."

Àkọ́bí mi wà nínú ọkọ̀ tòótọ́ báyìí, ó ń yí sítíárìn, ó ń pe bàbá rẹ̀ pé kó wá wọkọ̀, pé Òṣogbo ku ẹnìkan. Màmá tẹ́tí sí i títí.

"Dìde," ni wọ́n wí. "Mú tépù rẹ wá. Wá wọn ibi tí o máa gbé mi lọ."

Ọkọ mi ti gbọ́, ó sáré dé. "Màmá, ẹ fi í sílẹ̀. Ààrò yẹn, ìyá bàbá mi ló mọ ọ́n. Mi ò ní torí ọkọ̀—"

"Panu mọ́, ìwọ tí ń gba ojú fèrèsé wọlé. Ṣé torí ọkọ̀ ni? Ìyá bàbá rẹ mọ ààrò kí ọmọ ilé lè rí oúnjẹ jẹ nílé. Ta ló ń jẹ ẹ́? Ìwọ ń jẹ tìrẹ ní Àbíjáàn."

Ṣé kí n purọ́ pé n kò sáré? Mo sáré lọ mú tépù. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ náà, mo pa gbogbo ìlà mi rẹ́, mo tún un fà ní òdì, bí ẹni tí ń yí inú ẹ̀wù síta. Ọkọ̀ yóò máa fi ẹ̀yìn wọlé. Ilẹ̀kùn dẹ́rẹ́bà yóò ṣí síhà àyè. Ilé ìdáná àtijọ́, tí iná kò ní sí nínú rẹ̀ mọ́, yóò di yàrá irinṣẹ́ tó ní ògiri àti ilẹ̀kùn tirẹ̀, káfíńtà yóò sì fi àgádágodo sí i. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ yóò wà lórí ìṣó tí ọwọ́ ẹ̀gbọ́n kò lè tó, bó tilẹ̀ gun àpótí. Kò sí bẹntiróòlù tí yóò wọ inú ìgò kankan tí ènìyàn lè fẹnu kàn. Iná tuntun yóò wà lẹ́yìn kànga, lábẹ́ igi gúáfà, ní ibi tó jìnnà jù lọ sí táńkì nínú gbogbo ẹ̀yìnkùlé náà. Ọgbà mi yóò sì dúró láàárín. Ọkọ mi ń tẹ̀ lé mi kiri, ó ń gbé orí tépù, ó ń béèrè pé ibo ni jáàkì yóò wà, ibo ni táyà. Mo ti mọ ibi tí gbogbo wọn yóò wà.

"Ẹni tó gbọ́n tó báyìí," ló wí, "kí ló dé tí kò béèrè sítíárìn?"

"Ẹni tó ń wà á, kí ló dé tí kò sọ?"

Màmá ní kí a lọ bu amọ̀ ògán wá, wọ́n gé koríko sí i, wọ́n fi ẹsẹ̀ pò ó. Wọ́n ká aṣọ mọ́dìí, wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn mọ ààrò lábẹ́ igi gúáfà. Mo rò pé tiwọn ni wọ́n ń mọ. Ìgbà tí wọ́n tún bu amọ̀, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ èkejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ní, "Màmá, kí lèyí?"

"Tìrẹ ni. Ṣé o rò pé mi ò mọ̀ pé o kò ní?"

Mo kúnlẹ̀ sínú amọ̀, mo dúpẹ́. Wọ́n ní kí n dìde, kí n má fi orúnkún ba ilẹ̀ jẹ́ kí tépù mi tó wọ̀n ọ́n.

Káfíńtà kan páánù. Ìlànà tí mo ṣe nígbà náà kò yí padà: bí ọkọ̀ bá fẹ́ fi ẹ̀yìn wọlé, bàbá wọn a fọn fèrè lójú pópó, gbogbo ọmọ inú ilé a sáré gun orí àtẹ̀gùn, màá sì kà wọ́n kí n tó juwọ́. Àwọn ọmọ àdúgbò náà máa ń wá gun àtẹ̀gùn náà torí kí n lè kà wọ́n mọ́ tiwa. Àbúrò kò tún sá fún ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ mọ́. Láàárín ọ̀sán, màá gbọ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀ yẹn tó ń ṣí, tó ń padé, tó ń ṣí, kò sì kọlu nǹkankan.

Lọ́jọ́ kan, mò ń gbá ẹnu ọ̀nà, mo wo orí ìṣó, n kò rí àpò ìrìnàjò ọkọ mi mọ́. Mo sáré lọ sẹ́yìnkùlé. Ó wà lábẹ́ ọkọ̀, ó ń kọrin. Àpò náà wà ní ilẹ̀ yàrá irinṣẹ́, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, adìyẹ Màmá kan sì jókòó sínú rẹ̀ tìyẹ́tìyẹ́. Mo na ọwọ́ láti lé e.

"Fi í sílẹ̀," ni ọkọ mi wí láti abẹ́ ọkọ̀. "Ó ti yé mẹ́ta síbẹ̀. Jẹ́ kó sàba."